Ibi Tó Gbóná Lára Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ti sùn lábẹ́ tírélà ní Liverpool Road, mo ti sùn níbi tí ajá kò jẹ́ sùn. Ẹ̀rù kì í tètè bà mí. Èyí ṣojú mi, ọwọ́ mi sì kàn án.

Ọdún 1974 ni. Èmi àti Anayo, káfíńtà ará Ajégúnlẹ̀, ń bo ògiri ilé Akínsànyà, akọ̀wé kan nítòsí Malu Road. Oòrùn Àpápá ń sè é nínú ilé. A to òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe mọ́ ara ògiri níta kí ooru má baà wọlé, òwú tó ń yún ni bí wèrèpè. A wá ń kan asibẹ́tọ́sì pẹlẹbẹ lé e lórí.

Anayo ti ṣiṣẹ́ rí ní wọ́ọ̀fù. Níbẹ̀, kí wọ́n tó pa ikùn ọkọ̀ ojú omi dé, ẹnìkan á pariwo sínú rẹ̀ pé, "Ta ló kù?" Ẹni tó wà lókè kì í dáhùn, eré kọ́. Bí ohùn kan bá dáhùn, wọn ò gbọdọ̀ pa á dé àfi tí wọ́n bá yọ olóhùn jáde. Ó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó ku asibẹ́tọ́sì kan ṣoṣo, ó pariwo "Ta ló kù?" sínú àlàfo tó kù lára ògiri.

Akínsànyà dúró lẹ́yìn wa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni."

Òòlù ti sọ̀ kalẹ̀. Ìṣó ti wọlé. Anayo yíjú padà.

"Ọ̀gá, dem no dey answer am."

Akínsànyà ní ọmọ ìjọ lòun, òun ò mọ èèwọ̀ wọ́ọ̀fù. Anayo kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ni mo kan ìṣó tó kù.

Kò pẹ́ tí Abọ́sẹ̀dé, ìyá Tinú, ìyàwó Akínsànyà, fi wá mi dé Ajégúnlẹ̀. Ó ní ilé ti tutù bí a ṣe ṣèlérí, ṣùgbọ́n ọkọ òun náà ti tutù. Ara rẹ̀ dà bí ẹja inú yìnyín. Kì í làágùn mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti pa ògiri náà dé ni ọkọ òun ti ń kú lọ, kí n wá ṣí i.

Mo bẹ Anayo títí. Kò tẹ̀ lé mi.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Oòrùn mú. Àdúgbò dákẹ́. Mo ń fi ọwọ́ tọ ara ògiri lọ. Ó tutù. Ó tutù. Lójijì, ibì kan gbóná bí ọrùn ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó ga tó ènìyàn. Nǹkan kan ń lù kì, kì, kì nínú rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Akínsànyà yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó pe orúkọ mi.

"Kọ́láwọlé, má ṣí i."

Ohùn rẹ̀ kan náà jáde láti inú ògiri. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Tinú, ní kó ṣí i."

Abọ́sẹ̀dé ò pariwo. Ó wo ibí, ó wo ọ̀hún. Ó wá fẹ̀yìn ti ibi tó gbóná náà, bí obìnrin ṣe ń fẹ̀yìn ti ọkọ. Ó bi ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ta lẹ jẹ́, sà?"

Onítọ̀hún wò ó pẹ́. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa síta. A gbọ́ kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ ṣí i," ni obìnrin náà sọ fún mi.

Mo ki ẹnu òòlù bọ abẹ́ asibẹ́tọ́sì. Mo fi ọwọ́ kejì ti ibi tó gbóná náà.

Ó ti ń tutù.