Ẹni Tó Ń Sùn Lẹ́yìn Garland

Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń purọ́ kí wọ́n lè ra kọfí fún un. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi rí apá kan, etí mi gbọ́ ìyókù. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e, kí ọ̀nà tó ti ń bọ́ mi láti ìgbà èwe má gbé mi délé mọ́. Mi ò kúkú nílé kan gúnmọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀sán ni. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ yé wa. Oòrùn wà lókè, yìnyín wà nílẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ Wyoming funfun débi pé ojú ń roni. Kò sí òkùnkùn tí ènìyàn lè di ẹ̀bi rù.

Tírélà ni mò ń wà. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ máa ń fi àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sọ́wọ́ mi, kí n máa wà níwájú, kí wọ́n máa tẹ̀ lé mi títí ojú wọn á fi là. Iṣẹ́ náà ò ṣòroó ṣàlàyé. Ọkọ á wà á, ìyàwó á sùn sórí ibùsùn tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Tó bá yá, ìyàwó á bọ́ sídìí ọkọ̀, ọkọ á lọ sùn. Kọ́tìnnì ló wà láàárín wọn. Ọkọ̀ kì í sinmi. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìgbéyàwó tí kò bá tú nínú tírélà, ikú nìkan ló lè tú u.

Garland àti Twila wá láti Kentucky. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Ó ti pẹ́ tí Garland ti ń dá wakọ̀, tí Twila ń dúró dè é nílé, tó ń dá ilé gbá, tó ń jẹun alẹ́ pẹ̀lú rédíò. Nígbà tó sú u, ó ní kí ọkọ òun mú òun dání tàbí kó má wulẹ̀ padà wá. Garland mú un dání.

Ìṣòro kan ló wà. Twila kì í rí oorun sùn. Bí ọkọ̀ bá dúró, á sùn. Bí táyà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan péré, ojú á là kedere. Ẹni tí kò bá sì sùn lẹ́yìn, kò lè wakọ̀ níwájú. Ojú Twila ti wọnú.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ń kó ẹrù láti Nevada lọ sí Omaha, a sì jọ ń jẹ ẹyin àti ànàmọ́ díndín ní ilé oúnjẹ inú ilé epo kan. Twila gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Garland, bí mi ò bá rí oorun gidi sùn ká tó dé Omaha, mò ń bọ́ sílẹ̀."

"Nínú ọkọ̀?"

"Nínú ọkọ̀. Nínú ìyókù tó so wá pọ̀ náà."

Ẹnu Garland dúró sórí oúnjẹ. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wàá sùn," ó ní. "Màá rọra wà á. Wàá sùn bí ìkókó."

"O ti ń wí bẹ́ẹ̀ láti Nevada."

"Ṣé èmi ni mo gbẹ́ kòtò sójú títì ni?"

"Ìwọ kọ́. Ìwọ kàn ń bẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Garland náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Kò jọ ẹ̀rín.

Ohun kan wà tí mo máa ń kọ́ gbogbo wọn kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Kó o tó gbéra, na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, kó o fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹni tó ń sùn. Má fi ẹnu béèrè. Ọwọ́ ni kó o fi béèrè. Ìdí ni pé ẹni tó ń sùn lè ti sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, kí awakọ̀ má mọ̀, kó fi í sílẹ̀ lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ tọkọtaya. Obìnrin tí wọ́n ti gbàgbé sílé epo lórílẹ̀-èdè yìí pọ̀ ju agboòrùn tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ lọ.

Twila kọ́kọ́ dìde, ó ní òun ń lọ dùbúlẹ̀. Garland lọ nu gíláàsì iwájú ọkọ̀. Èmi jókòó ti kọfí mi. Nígbà tí mo jáde, àyè tí ọkọ̀ wọn wà ti ṣófo. Mo ní ó dáa, ó mọ̀nà, màá bá a níwájú.

Bí mo ṣe ń lọ síbi ọkọ̀ mi, mo rí Twila.

Ó dúró sáàárín àyè tó ṣófo náà. Irun rẹ̀ ṣì tutù, balùwẹ̀ ilé epo ló ti ń bọ̀. Sílípáàsì ló wọ̀, kò sí ìbọ̀sẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Enos," ó ní, "ṣé ẹ rí ọkọ mi?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi mú.

"Ẹ máa rín in. Ẹ bá mi pè é. Fóònù mi wà lórí ibùsùn."

Mo pè é. Òtútù ti mú mi níka, mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn máa jáde síta, kí n má baà gbé e sétí. Garland gbé e. A ń gbọ́ ìró táyà lábẹ́ ohùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò tíì gbéra?"

"Garland, èmi ni," Twila ní.

"Èmi ta ni?"

"Èmi Twila, ìwọ olórí àgbàdo yìí! O ti gbàgbé mi sílé epo. Yí ọkọ̀ padà."

"Bàbá, ẹ sọ fún ẹni yẹn kó fi eré sílẹ̀. Twila wà lẹ́yìn mi níbí."

Mo gba ọ̀rọ̀ náà. "Garland, òun ló dúró tì mí yìí. Ṣé o fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kó o tó gbéra?"

"Mo bi í. Mo ní, 'Twila, ṣé ká lọ?' Ó ní, 'Máa lọ.' A ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti ìgbà yẹn." Ohùn rẹ̀ rọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. "Ó ní ara ti ń tu òun. Ó ní oorun ti ń kùn òun. Ó ní òun ò ní bọ́ sílẹ̀ mọ́."

Mo wo Twila. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yìnyín gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ. Kò jìnnà sí fóònù, kò sì sún mọ́ ọn. Ohùn obìnrin ni. Oorun wà nínú rẹ̀.

"Ta nìyẹn, Garland?"

Mo mọ ohùn yẹn, ti Twila ni. Òun ló ti ń bú kòtò láti Nevada. Ẹnu ẹni tó ni ín wà níwájú mi. Ó wà ní pípadé.

"Obìnrin kan ni," Garland ní, kì í ṣe àwa ló ń dá lóhùn. "Ó ní òun ni ìwọ."

Ohùn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí tí inú kò bí.

"Sọ fún un kó wọ ìbọ̀sẹ̀."

Orí mi wú. Twila wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo rò pé á ké. Kò ké. Ó sún mọ́ fóònù, ó rọra sọ̀rọ̀, bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tó dúró létí kànga sọ̀rọ̀.

"Garland. Na ọwọ́ sẹ́yìn. Fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀."

Táyà ń ró. Lẹ́yìn náà, àwọn òrùka kọ́tìnnì dún ṣéréṣéré.

"Ó gbóná," Garland ní.

Fóònù kú.

Mo gbé Twila sínú ọkọ̀ mi. Mo fún un ní ìbọ̀sẹ̀ mi, kò wọ̀ ọ́, ó kàn dì í mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀kan ló ṣí ẹnu.

"Bàbá Enos, kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ purọ́ fún mi."

"Rédíò ni. Ohùn ẹlòmíràn ló já wọ fóònù."

"Ẹ ṣeun," ó ní. Ó wo ojú títì.

A rí ọkọ̀ náà létí títì, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí igi, wáyà àti yìnyín nìkan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń kọjá lọ. Garland kò sí nídìí ọkọ̀. Ìjókòó kejì ló jókòó sí, ó ká ọwọ́ lé itan. Ara rẹ̀ balẹ̀. Kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà ní pípadé.

Twila gun àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Mo dúró nísàlẹ̀, mo di bàtà rẹ̀ mú kó má baà yọ̀.

"Garland, sọ̀ kalẹ̀. Ká máa lọ sílé."

Garland yí ojú sí i. Ó rí i. Mo búra pé ó rí i, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ọkọ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí aya. Ó gbé ìka lé ètè. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Twila dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn pẹ́. Ó ń tẹ́tí sílẹ̀. Èmi náà tẹ́tí sílẹ̀. Láàárín ọkọ̀ kan tó kọjá àti òmíràn tó ń bọ̀, mo gbọ́ mímí ẹni tó sùn. Ó lọ sókè, ó lọ sílẹ̀. Oorun àsùnwọra ni.

"Sọ̀ kalẹ̀, Twila," mo ní. "Wá sínú ọkọ̀ mi. Mú un wá, tàbí kó o fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n wá."

Ó wò mí. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀ gan-an.

"Bàbá Enos, bí mo bá wá, ta ni mo fi ọkọ mi sílẹ̀ fún?"

Mo na ọwọ́ sí i.

Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Ó wọlé lẹ́sẹ̀ lásán. Ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó gbá sítíárìn mú. Kò na ọwọ́ sẹ́yìn. Ó wá pa ilẹ̀kùn dé. Ó rọra pa á, bí a ṣe ń pa ilẹ̀kùn yàrá tí èèyàn ń sùn sí. Ìyẹn lohun tí mi ò lè gbàgbé. Ọkọ̀ náà wọ títì, ó lọ.

Mo bi ilé iṣẹ́ léèrè. Wọ́n ní ẹrù dé Omaha ṣáájú àkókò. Wọ́n ní awakọ̀ rere ni wọ́n, wọn kì í ráhùn, wọn kì í dúró. Mi ò tíì pàdé wọn láti ìgbà náà. Mi ò sì wá wọn.

Ẹni tó bá bi mí pé kí ni Garland sọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, tí ó fi ìka lé ètè, bó ṣe sọ ọ́ náà ni màá sọ ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní:

"Jẹ́jẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Má jí i."