Àpò Aláwọ̀ Ewé

Bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí ọsibítù ni Pei-shan ṣe gbé kọ̀ǹpútà ilé wọn wọ ṣọ́ọ̀bù Tsung-yen, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú Tainan, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn. Ó ti fi aṣọ òjò rẹ̀ bo kọ̀ǹpútà náà. Òun fúnra rẹ̀ rin gbingbin.

"Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò màmá mi tó ti lọ wà nínú ẹ̀," ló wí. "Tí gbogbo ìyókù bá máa ṣòfò, ẹ ṣáà bá mi yọ ìyẹn."

Àánú rẹ̀ ṣe Tsung-yen, ìfẹ́ sì gba ẹ̀yìn àánú wọlé. Ó kọ́kọ́ kó àwọn fọ́tò náà pa mọ́, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, ó wá tún ètò tó ń darí rẹ̀ gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Pei-shan padà wá gbà á, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ títí tíì fi tutù nínú ife. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn fi kọjá ti kọ̀ǹpútà.

Bàbá Pei-shan, Ọ̀gbẹ́ni Lo, ni kò gbà kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Awakọ̀ reluwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, kọ̀ǹpútà náà ló sì fi ń wo eré bọ́ọ̀lù. Kọ̀ǹpútà náà tún ti ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní ẹni tí kò lè mú kọ̀ǹpútà kan dúró, báwo ló ṣe máa mú ilé dúró?

Tsung-yen lọ sílé wọn, ó tún iṣẹ́ náà ṣe, ó sì pààrọ̀ ẹ̀yà inú rẹ̀ kan tó ń ṣe ségesège.

"Tí kò bá kú títí di Àjọ̀dún Òṣùpá, wá bá wa sun ẹran àjọ̀dún," ni bàbá wí. "Tó bá kú, má dárúkọ ọmọ mi mọ́."

Tsung-yen gbà. Kó tó lọ, ó gbé àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "gbọ́ràn," lé orí kọ̀ǹpútà náà, bí gbogbo oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìlú wọn ṣe máa ń ṣe kí ẹ̀rọ lè gbọ́ràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, nítorí ìyẹn a máa mú ẹ̀rọ ya olórí kunkun.

Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ geere. Láràárọ̀ ni Pei-shan ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Olówó orí mi, ó ṣì wà láàyè." Inú Tsung-yen a sì máa dùn títí di ọjọ́ kejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ àjọ̀dún gan-an, Pei-shan pè é lórí fóònù. Kọ̀ǹpútà ti kú.

Tsung-yen sáré dé. Bàbá Lo jókòó lójú fèrèsé, ó ń bó ọsàn ńlá àjọ̀dún, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Tsung-yen fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà; ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àpò kan há síbẹ̀, ó dí ihò tí fáànù ń gbà fẹ́ atẹ́gùn. Aláwọ̀ ìyeyè ni. Ó wo Bàbá Lo, etí bàbá ti pọ́n kuku.

Gbogbo rẹ̀ yé e. Bó bá sọ̀rọ̀, ó jàre. Àmọ́ ojú máa ti bàbá lójú ọmọ rẹ̀, lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ó rọra ki àpò náà bọ inú báàgì ara rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" Pei-shan béèrè.

"Ẹ̀bi mi ni. Ibi tí mo gbé e sí kò gba atẹ́gùn."

Omi lé sí Pei-shan lójú. Tsung-yen kó irinṣẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ gan-an, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà láti wọ bàtà.

"Níbo lò ń lọ?" Bàbá Lo béèrè.

"Bàbá, àdéhùn wa ni. Ó ti kú."

"Èmi ni mo pa á." Bàbá gbé ọsàn sílẹ̀. "Eré bọ́ọ̀lù àná le, mi ò mọ ìgbà tí mo jẹ ìpápánu aláwọ̀ ewé yẹn tán. Mo wá òmíràn lọ, aláwọ̀ ìyeyè nìkan ló kù, ni mo bá tì í sẹ́yìn kí ẹ má baà rí i. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé."

Pei-shan rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe ni mo rò pé mò ń wá," bàbá wí fún Tsung-yen. "Ìwọ mọ àṣírí àgbà bò. Bọ́ bàtà ẹ, ọmọ mi, ká lọ dáná ẹran."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Bàbá Lo fúnra rẹ̀ gbé àpò aláwọ̀ ewé kan sórí tábìlì ọkọ àti ìyàwó. Ó ti fi okùn pupa di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ó ní òun mọ ara òun.