Ìgbàdí Àjàmú ní Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, dákun, má tíì fi di ẹ̀pà. Kà á tán ná. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ọkùnrin kan wà ní Ajégúnlẹ̀ tó ń jẹ́ Àjàmú. Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ló ń wà. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà omi bíi tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ọtí mu bíi tirẹ̀. Ìgbàdí awọ kan wà ní ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀, kì í tú u bó tilẹ̀ ń wẹ̀. A ní kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Jésù, á fọwọ́ lu ìbàdí pò. "Èyí tó wà níbí yìí, omi kò lè mu ẹni tó ró o."

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 1974, àwa obìnrin ìjọ háyà ọkọ̀ rẹ̀. A fẹ́ fi ojú ara wa rí àwọn ìlú àtijọ́ tó wà létí òkun. Àjàmú mú Tinú dání, ọmọ ọdún méje, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú. Godfrey náà bá wa lọ, alágbàrù ní Warehouse Road. Òun àti Àjàmú ti jọ mutí gan-an rí, kí Jésù tó gba Godfrey là.

Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀ báyìí, ọkọ̀ fì.

"Ìyá, ẹ rọra o! Ìdí yín á rì wá kí á tó dé Kírìkírì!"

"Ìdí tó bí ọmọ mẹ́jọ ni. Ọkọ̀ rẹ ni kó lọ mú ara le!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rín in dé ìfun. Ta ló mọ ohun tó ń bọ̀?

Kéègì òfìfo mẹ́rin ni wọ́n máa ń so mọ́ ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí èrò lè rí nǹkan dì mú bí ọkọ̀ bá dojú dé. Àjàmú so tirẹ̀ lóòótọ́.

Ní Àgbádárìgì, a rí ilé alájà àtijọ́ tí àwọn òyìnbó oníwàásù kọ́. Wọ́n mú wa wọ ilé kan tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ayé ẹrú sí: ti ọrùn, ti ẹsẹ̀, ti ọmọdé pàápàá. Tinú ki ọwọ́ bọ ti ọmọdé. Ó ṣe rẹ́gí.

Godfrey ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Àjàmú, àwọn tí wọ́n fi èyí dè mọ̀ pé wọ́n de àwọn. Ìwọ tó fọwọ́ ara rẹ so tìẹ mọ́ ìdí ńkọ́?"

"Àbẹ́ẹ̀gì, Pásítọ̀ Alágbàrù! Jésù rẹ, ṣé ó mọ̀wẹ̀?"

"Ó rìn lórí omi."

"Kó wá bá mi wakọ̀ nígbà náà!"

A kọjá sí Gbẹrẹfú ní òdìkejì omi, a fẹsẹ̀ rin iyanrìn títí dé ibi tí àwọn ẹrú ti rí ilẹ̀ wọn kẹ́yìn. Òkun ń hó. A kọrin, a sunkún. Àjàmú kò tẹ̀ lé wa. Ògógóró ló lọ wá ní tirẹ̀. Ó tú kéègì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rọ ọtí kún wọn bámúbámú láti kó wá tà ní Malu Road ní Ajégúnlẹ̀, ó sì so wọ́n padà. Ó rọ díẹ̀ sínú ara rẹ̀ náà. Kì í ṣe díẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, oòrùn ṣì wà lókè, Àjàmú bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ mìíràn sáré. "Àjàmú, rọra!" Kò gbọ́. Ó gbá wa mọ́ àwọn igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ fún àwọ̀n wọn, ọkọ̀ sì dojú dé.

Mo ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Gèlè mi lọ, eyín àtọwọ́dá mi náà bá a lọ. Àwa tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi náà rí nǹkan dì mú. Ibi jíjìn ni Tinú bọ́ sí. Ó dì mọ́ kéègì kan, àmọ́ kéègì tó kún kì í gbé èèyàn. Òun àti kéègì jọ ń rì ni.

Àjàmú fò sí i. Ìgbàdí rẹ̀ kọ́ igi kan lábẹ́ omi. Ó fà á, kò já. Ó pe ọfọ̀ tó mọ̀, omi kò dáhùn. Ọwọ́ Tinú yọ lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Tú u, Àjàmú! Tú u!" Godfrey ń wẹ̀ kọjá lára rẹ̀ bó ṣe ń pariwo.

Ọwọ́ Àjàmú dé ìdí okùn ìgbàdí náà, ó sì dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà: "Ìyá, mo ń rò ó. Ọmọ mi ń kú lọ, mo ṣì ń rò ó."

Kó tó tú u, Godfrey ti gbé ọmọ náà jáde. Kò mí.

A tẹ̀ ẹ́ láyà lórí ẹrẹ̀. Omi tú jáde lẹ́nu rẹ̀, èémí kékeré wọlé, ṣùgbọ́n kò lajú. Ni àwọn kan bá gbé igi, wọ́n fẹ́ lu àwọn apẹja tó rì àwọn òpó náà sómi. Àjàmú wó lulẹ̀ sórí eékún.

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọtí ló wa ọkọ̀ yẹn. Èmi ni. Jésù, èmi ni. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi bẹ̀ Ọ́. Ṣàánú mi."

Godfrey kúnlẹ̀ tì í nínú ẹrẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ ní ọsibítù, láìmu ọtí, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ karùn-ún, Tinú lajú. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ọmọ náà ní, "Bàbá mi, ẹnu yín ò rùn."

Jésù ti dárí jì í. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe ìrìbọmi. Síbẹ̀, bó bá ń rántí ìgbà díẹ̀ tó fi ń rò ó nínú omi yẹn, á fọwọ́ kan ìbàdí níbi tí ìgbàdí wà tẹ́lẹ̀.

Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí ni ohun tí ọwọ́ rẹ dé ìdí rẹ̀ tó sì dúró? Ọtí ni? Obìnrin ni? Oògùn tí o rì mọ́ ẹnu ọ̀nà ni? O ní o ń rò ó. Ta ló ń rì lọ nínú ilé rẹ bí o ṣe ń rò ó?

Má dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Orúnkún mi ti dógùn-ún, bí mo bá kúnlẹ̀, èèyàn méjì ní í gbé mi dìde. Síbẹ̀, mò ń kúnlẹ̀. Tìrẹ ṣì le. Tú u sílẹ̀, kí o sì kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kódà bí ilẹ̀ ibẹ̀ kò bá mọ́.