Ẹ́ńjìnnì Kan, Ẹjọ́ Márùn-ún

"Mẹ́jọ! Sájẹ́ǹtì, mẹ́jọ ni!"

Mo pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Sájẹ́ǹtì Ùsmán, ọlọ́pàá tó ń bójú tó àgọ́ kékeré tó wà lábúlé wa, gbójú sókè, ó wò mí.

"Ṣé ohun ayọ̀ ni pé wọ́n jalè lẹ́ẹ̀mẹjọ, Mọ̀nsúrát?"

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ká má parọ́, inú mi ń dùn. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán, ló ní kí oníkálukú wa ní SS2 lọ wá iye ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ lágbègbè rẹ̀, kó sì ṣàlàyé ohun tí iye náà ń sọ. Àwọn kan mú ibà, àwọn kan mú ìrẹsì tí wọ́n ń kó lọ sí Imọ́tà. Èmi mú olè jíjà, torí mo fẹ́ kí tèmi ta ti gbogbo wọn yọ. Ìwé ẹ̀sùn sì rèé níwájú mi: láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ẹjọ́ olè kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́fà kan náà lọ́dún yìí, mẹ́jọ.

"Ka ohun tó wà nínú ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan o," Sájẹ́ǹtì sọ. "Má kàn ka iye lásán."

Mo kà á. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹ má baà máa bá mi wá àwáwí: mo kà á, ó sì yé mi yékéyéké. Márùn-ún nínú ẹjọ́ mẹ́jọ náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan náà ni. Àwọn apẹja márùn-ún ló dáwó jọ rà á, Bùọ̀dá Ṣàmsúdéènì, àbúrò bàbá mi, sì wà lára wọn. Ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ tiwa, tí ohun àjọní bá sọnù, oníkálukú ló máa lọ fẹjọ́ sùn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sílé, òun ni wọ́n máa ní ó mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan lọ, ẹjọ́ márùn-ún wọlé. Nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀kan jẹ́ ewúrẹ́ tó ti padà wálé lọ́jọ́ kejì. Ti ọdún tó kọjá ńkọ́? Oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ la ń kó ẹjọ́ lọ tẹ́lẹ̀, Baálẹ̀ kì í sì í kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ dùn létí ju mẹ́ta lọ. Mo gba fóònù ìyá mi, mo kọ ọ́ sórí gúrúùpù Wásáàpù abúlé: "Ẹ gbà wá o! Olè ti di ìlọ́po mẹ́jọ ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ láàárín ọdún kan!"

Wọ́n yìn mí títí. "Máṣàáláhù, ọmọ wa ti di oníròyìn!" Orí mi wú. Ìgbà náà ni Làtífù, awakọ̀ ojú omi tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́, kọ tirẹ̀: "Láàárín ọdún kan? Ta ló wá gbé lọ́dọ̀ wa láàárín ọdún kan?"

Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bá wí. Oyèdèjì ni, ará Ìkirè, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe létí èbúté. Ilé bàbá mi ló ti gba yàrá méjì. Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Àwa méjèèjì la jọ ń wọkọ̀ lọ sílé ìwé ní Agbọ́wá. Àwọn baba wa ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi ni mo sọ òkò yìí o.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Mùsílímátù ẹlẹ́ja sọ fún Oyèdèjì pé ẹja ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹja kún agbọ̀n rẹ̀ bámúbámú. Lọ́jọ́rú, wọ́n fi èédú fa àmì sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó nù ún. Lọ́jọ́bọ̀, àmì náà tún ti wà níbẹ̀, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Mọ̀nsúrát, kí la ṣe fún wọn?" Ayọ̀midọ̀tun bi mí nínú ọkọ̀.

Omi ni mo ń wò. "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ó máa rọlẹ̀."

Mo lè tún un kọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ní tí Tíṣà bá ti gba iṣẹ́ wa lọ́jọ́ Ajé, màá tún un ṣe. Òmùgọ̀ ni mí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Sájẹ́ǹtì ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti àárọ̀. Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, mo rí Làtífù tó ń yí táyà bọ̀ lójú ọ̀nà èbúté. Ẹnì kan gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tẹ̀ lé e. Wọn ò pariwo rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Wọ́n wọ́ Oyèdèjì jáde láàárín àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé wá fún un láti tún ṣe. "Ti ta nìwọ̀nyí?" wọ́n ń bi í. Kó tó dáhùn, Bùọ̀dá Ṣàmsúdéènì gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wakọ̀ sókè, ó là á mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ayọ̀midọ̀tun figbe ta, Làtífù sì gbé táyà náà.

N kò mọ bí mo ṣe gun ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. "Ẹ́ńjìnnì kan ni! Ẹ dákun, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹjọ́ ẹ́ńjìnnì sùn, ẹ nawọ́!"

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Baálẹ̀, tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ láti mọ́sálásí, dúró. "Ẹ nawọ́," ó sọ. Ọwọ́ márùn-ún lọ sókè.

"Ẹ́ńjìnnì mélòó ló sọnù?" Baálẹ̀ bi wọ́n.

"Ọ̀kan ni, Baba," ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

"Mo mọ̀," mo sọ, ẹkún ti gbà mí lẹ́nu. "Mo mọ̀ pé ọ̀kan ni kí n tó kọ mẹ́jọ."

Làtífù ju táyà náà sílẹ̀. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ kejì, Oyèdèjì kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ Ìkòròdú. Wọ́n ti fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀. Ayọ̀midọ̀tun wò mí. "O mọ̀ kó o tó kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ ni," ó sọ. Ó wọnú ọkọ̀, kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí Sájẹ́ǹtì bi àwọn ará abúlé, wọ́n ní eré làwọn ọ̀dọ́ ń ṣe. Bùọ̀dá Ṣàmsúdéènì kìlọ̀ fún mi nílé pé ọ̀rọ̀ ilé ni, kò gbọdọ̀ jáde. Nígbà tí oṣù keje ń parí lọ, Làtífù kọ ọ́ sórí gúrúùpù: "Ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà tí àlejò ti lọ, òdo ni! Abúlé ti tòrò." Àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ẹ̀ dáná sun èèyàn lọ́sàn-án gangan, ìwé sì ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Mo lọ sí àgọ́. "Sájẹ́ǹtì, mo wá fẹjọ́ sùn."

"Ta lo fẹ́ fi sùn?"

Mo dárúkọ àbúrò bàbá mi. Mo dárúkọ Làtífù. "Ẹ kọ orúkọ tèmi náà sí i, sà," mo sọ, "torí èmi ni mo dáná ọ̀rọ̀ náà."

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí bàbá mi ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ń dùn mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́: tẹ́ ẹ bá rí iye, ẹ bi í léèrè ta ló fẹjọ́ sùn, kí ló sọnù gan-an, ta sì ni ẹ̀rù ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tí òtítọ́ rẹ̀ bá sì yé yín, ẹ má fi í pamọ́ nítorí ìyìn. Ọ̀rẹ́ kan ni mo ní, mo fi í ra ìyìn ọjọ́ kan.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé fún oṣù keje, tèmi ni. Ẹni tó bá kà á lọ́la lè rò pé oṣù tó dáa ni.