Eyín Tí Kò Sí Lẹ́nu Kobusingye

Kobusingye ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn lẹ́bàá ìlú Mbarara ní Uganda, ni ìyá rẹ̀ bá figbe ta nínú yàrá.

"Ọmọ yìí tún ti ya ìgbẹ́ gbuuru sí mi lára o!"

Kobusingye sáré wọlé. Láti àná ni Ahumuza, ọmọ rẹ̀ olóṣù méje, ti ń bì, tó sì ń yàgbẹ́. Ìyá àgbà ti la ọmọ lẹ́nu, ó ń fìka tẹ èrìgì rẹ̀.

"Mo ti rí i! Eyín èké tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ló wà níbí. Jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń fi irin wa eyín. Má sì fún un lómi mọ́. Ohun tó bá mu náà ló ń yà."

Kobusingye fa ọmọ mọ́ra, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ń sunkún, omijé ò jáde.

Bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà ni Birungi yọjú, aládùúgbò wọn tí ìjọba kọ́ nípa ìtọ́jú ọmọdé.

"Màmá, ta lẹ fẹ́ wa eyín ẹ̀?"

"Ọmọ-ọmọ mi ni. Mo ṣe é fún ìyá ẹ̀ náà, ṣé ó kú ni?"

"Kò kú. Ìyá Ahumuza, jọ̀ọ́, rẹ́rìn-ín ká rí i."

Kobusingye fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Àyè eyín kan ṣófo gbayawu lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, eyín gidi tó ṣì wà nínú èrìgì lẹ wà dànù yẹn."

Ìyá àgbà lanu sílẹ̀. "Yéè! Èmi ni mo sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé kò mọ àgbàdo jẹ!"

Kobusingye bú sẹ́rìn-ín, bí ojú ṣe ń pọ́n ọn tó.

Birungi ní, "Ó jọ pé kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní rótáfáírọ́ọ̀sì ló wọnú ọmọ. Irin ò lè wà á jáde. Omi tó ń tán lára ẹ̀ lewu jù, ẹ sì tún fẹ́ fi òùngbẹ kún un!"

Ó po odindi ìdì kan ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fúnni nílé ìwòsàn mọ́ omi lítà kan tí wọ́n ti sè, tó sì ti tutù. Ìyá àgbà já ṣíbí gbà. "Ẹ yàgò fún mi, èmi ni mo lọmọ." Díẹ̀díẹ̀ ló ń fún un títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti fi oògùn síńkì, tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ gbuuru tètè lọ, kún un.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ahumuza figbe ta. Omijé ń dà wálẹ̀ pòròpòrò.

"Ẹ wo omijé o! Omi ti padà sára ẹ̀!" Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ta ló ti rí ìyá tó ń jó nítorí pé ọmọ ń sunkún rí?

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má fi omi dù ú, ẹ má sì dá ọmú dúró. Ẹ fún un ní omi tí ẹ po ìyẹ̀fun ilé ìwòsàn yẹn mọ́. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tí kò lómijé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn yá. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí ọmọ. Bí ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbé e lọ gba àjẹsára rótáfáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kán sí ẹnu. Eyín ọmọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀ o, ẹ fi í sílẹ̀ kó rí àgbàdo jẹ lọ́la.