Tíì Bọ́látitó

"Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mu ún," Bọ́látitó wí, ó na ọwọ́ bíi pé òun gan-an ló gbin ewé náà. "Àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà gbé e lọ sí Jàpáànì. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Họ́lándì gbé e dé Yúróòpù. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mu ún tí ẹnu wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́, wọ́n lọ gbin tiwọn sí Íńdíà."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, àmọ́ inú mi ń hó. Ọdún 1983 ni, ní Erijiyan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn mọ́ àwọn òbí lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá sí ilé ìwé, ilé ìwé wa yóò gbé e lọ síbi ìdíje ní Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà. Èmi ni mo máa ń gba ipò kìíní, Bọ́látitó ló máa ń tẹ̀ lé mi. Síbẹ̀, òun ni olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, mú. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ já gaara.

"Ìwọ, Tinúọlá, ni kí o máa bá a po tíì tí àwọn òbí máa mu," ni wọ́n wí fún mi.

Kí n máa se omi fún Bọ́látitó! Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Ìlara mú mi débi pé bí ó bá rẹ́rìn-ín lásán, mo máa ń rò pé èmi ló ń rín.

Mo já ewúro lẹ́yìnkùlé wa, mo sá a títí ó fi gbẹ, mo sì rún un. Nínú agolo tíì, ta ló máa dá a mọ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ àwọn òbí, mo da ewé tíì sínú àpò ìwé mi, mo fi ewúro rọ́pò rẹ̀.

Bọ́látitó sọ̀rọ̀ tán, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Mo po tíì, Bọ́látitó sì gbé ife àkọ́kọ́ fún Bàbá Ògúntóyìn, àgbẹ̀ kòkó tí í ṣe alága àwọn òbí. Wọn ò gbà á.

"Ọmọ mi, ní ulé tiwa, ẹni tó po nǹkan mímu ni í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ta ló po èyí?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo gba ife náà. Ó korò dé ọ̀fun, kóró ṣúgà mẹ́rin ò ràn án. Mo rò ó pé bí mo bá fajú ro, àṣírí tú. Mo gbé e mì, mo rẹ́rìn-ín.

"Ó dùn, bàbá. Ó dùn gan-an ni."

Bàbá mu ẹnu kan. Wọ́n wo inú ife, wọ́n wò mí.

"Ewúro rèé. Àtikékeré ni mo ti ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ì bá ti tu ú dànù. Ìwọ ní ó dùn. Èé ṣe?"

Mo fa àpò ìwé mi mọ́ra. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí tú àpò ìwé mi, wọ́n sì bá ewé tíì níbẹ̀.

Bọ́látitó ò pariwo. "Tinú, ẹni méjì ni wọ́n ń mú lọ sí Àkúrẹ́," ó wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń po tíì. Èmi ni mo bẹ olùkọ́ pé kí wọ́n mú ọ."

Ẹ̀yínadé, ọmọ kíláàsì wa mìíràn, ló bá a lọ sí Àkúrẹ́. Èmi gbá kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí kò sì dùn mí tó bí Bọ́látitó ṣe gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí i pé ìlara ti wọ̀ yín lára, ẹ tètè lé e jáde kó tó rí iṣẹ́ fún ọwọ́ yín ṣe. Mo rò pé mò ń ba ti Bọ́látitó jẹ́ ni. Tèmi ni mo bà jẹ́.