Omi Bo Thornscale

"Ta ló ní kí ẹ wá kan èèkàn sáàárín kábéèjì mi?"

Bí Hester Garth ṣe kọ́kọ́ bá Edwin Tarrant sọ̀rọ̀ nìyẹn, tòun ti ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́. Edwin ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú. Àwọn ará ìlú ńlá ló ní kí n wá wọn ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ sé odò abúlé Thornscale yìí, kí wọ́n lè máa rómi mu."

"Ilé wa ńkọ́?"

Edwin wo ilé olókùúta náà, níbi tí ìran Garth mẹ́sàn-án ti gbé. Ó mọ̀ pé omi yóò bò ó mọ́lẹ̀, ó sì dorí kodò. Ìtìjú ojú rẹ̀ yìí ló yọ́ Hester nínú tó fi bu tíì fún un.

Kó tó di ìgbà òtútù, wọ́n ti ń jọ rìn létí odò lẹ́yìn ìsìn. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára bí òjò winniwinni.

"Àyànfẹ́ mi, jẹ́ kí n fẹ́ ọ."

"Lọ sọ fún Bàbá."

Josiah Garth, bàbá Hester, kò tiẹ̀ ní kó jókòó. "Ìwọ tó o fẹ́ ri ilé baba mi sómi, o tún fẹ́ gbọ́mọ mi? Ṣé kí n yọ eyín mi kún un?"

Edwin fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹlòmíràn wá parí ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń hú àwọn òkú inú itẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn òkè kí omi tó dé, ẹnikẹ́ni ò pe Edwin, ó sì wá. Ó gbé èjìká sábẹ́ pósí ìyá Hester. Josiah rí i, ó bú sẹ́kún.

"Máa mú Hester lọ, ọmọ mi."

Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ogbó ti dé sí Josiah, kò lè dá bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ dè mọ́.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Hester wí. "Àmọ́ bí mo bá fi Bàbá sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n fún wa ní ìgboro, yóò kú. Ní sùúrù fún mi."

"Títí dìgbà wo?"

Ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ dá ọjọ́ ikú baba rẹ̀? Hester dákẹ́. Edwin ka ìdákẹ́ náà sí ìkọ̀sílẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Kánádà.

Ọdún mẹ́fà ni Josiah tún lò láyé, tó ń béèrè láràárọ̀ bóyá wọ́n ti fún wàrà màlúù tí wọn ò ní mọ́. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, Hester kọ̀wé sí Edwin: "Mo ti ṣe tán."

Obìnrin ló kọ èsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni Maud, ìyàwó Edwin. Ó ka lẹ́tà yín, ó jáde lọ sóko, kò sì wá jẹun láti àárọ̀. Mi ò bínú sí yín. Kí ni kí n sọ fún un?"

Hester sunkún títí. Lẹ́yìn náà ló mú kálámù.

"Àbúrò mi, ẹ ní kó wọlé wá jẹun."